Amọ̀nà Làgbà Lórí Òkè: Láti Etí Òkun Kútọ̀nú dé Òkè Kamẹrúùnù

Ní òpin ọ̀sẹ̀, kí oòrùn tó mú, àwọn tó ń sáré fún ìlera máa ń pọ̀ ní etí òkun Fidjrossè àti ní òpópónà Marina, nítòsí ère Amazone tí wọ́n ṣí lójú ní ọdún 2022. Ọ̀dọ́ wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ náà kò gbẹ́yìn. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Kútọ̀nú fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, débi pé afárá tó gba orí ọ̀sà kọjá ni òkè kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gùn láàárín ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú eré sísá kan ti gbòde láyé tí kò fẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní trail. Eré tí à ń sá gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, nínú igbó, lórí àpáta, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí ọ̀dà kò dé. Ìdíje pọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀ka kan wà tí kì í ṣe ìdíje rárá. Àwọn èèyàn díẹ̀ á kó ara wọn jọ, wọn á gba amọ̀nà, wọn á sì fi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí ọ̀sẹ̀ kan sáré la òkè ńlá kọjá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn á sùn sí ahéré orí òkè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á tún gbéra. Kò sí ẹni tó ń lé ẹnikẹ́ni, kò sì sí ife ẹ̀yẹ ní ìparí. Èrè rẹ̀ ni pé gbogbo wọn jọ lọ, gbogbo wọn sì jọ padà.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ẹsẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn àwọn òkè ńlá ayé ń kọ́ni, láti ilẹ̀ Faransé títí dé ilẹ̀ Kamẹrúùnù, àti ohun tí òkè Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ ti kọ́ àwọn baba ńlá wa, ni pé amọ̀nà ló ń gba ẹ̀mí là lórí òkè. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ tí kò ní amọ̀nà, ẹsẹ̀ náà ni yóò gbé e débi tí kò ní lè padà.

Ẹ̀kọ́ tí yìnyín kọ́ àwọn ará Chamonix

Ìlú Chamonix ní ilẹ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí olú-ìlú eré orí òkè. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá kan níbẹ̀ tí ó yí òkè Mont-Blanc po, tí ó gba Faransé, Ítálì àti Swítsàlandì kọjá. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bí 170 kìlómítà, bí a bá sì ṣírò gbogbo ibi tí sáré-sáré ń gùn lọ sókè, ó tó nǹkan bí 10,000 mítà. Akọni máa ń sá a tán láàárín ọjọ́ kan. Àwọn èèyàn lásán tó fẹ́ rí ibẹ̀ ń gba amọ̀nà, wọn á pín in sí ọjọ́ mélòó kan, wọn á máa sáré ní ibi tó tẹ́, wọn á sì máa rìn ní ibi tó ga.

Iṣẹ́ amọ̀nà ní Chamonix ti pẹ́ ju eré sísá náà lọ fíìfíì. Àwọn ọmọ ìlú náà ló ń mú àlejò gun Mont-Blanc láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1820, ọ̀mọ̀wé kan, Joseph Hamel, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Rọ́ṣíà, fẹ́ gun òkè náà. Ojú ọjọ́ kò dára, yìnyín tuntun sì ti bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ títí di òní ni pé àwọn amọ̀nà ń lọ́ra láti lọ, àmọ́ àlejò wọn kò fẹ́ padà sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń gùn ún ni yìnyín ya lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó gbá amọ̀nà mẹ́ta lọ, ó sì sin wọ́n sínú kòtò jíjìn. Ọdún 1861 ni òkè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó kù lára wọn padà ní ìsàlẹ̀, nígbà tí yìnyín tó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ gbé wọn débẹ̀.

Ikú àwọn mẹ́ta yìí ló mú kí àwọn amọ̀nà Chamonix dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1821. Wọ́n ṣètò bí iṣẹ́ yóò ṣe máa kan olúkúlùkù, wọ́n sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìdílé amọ̀nà tí òkè bá pa. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní. Ohun tó jẹ wọ́n lógún nígbà náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: nígbà tí amọ̀nà bá sọ pé kí á padà, ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní í borí, ẹni tó san owó ni, àbí ẹni tó mọ òkè?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ sí òkè ńlá kọ́kọ́ dáhùn ní ilé rẹ̀.

Òkè ńlá tó sún mọ́ wa jù

Kò sí òkè ńlá ní Bẹ̀nẹ̀. Sokbaro, tí wọ́n ń pè ní ibi tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa, ga ní 658 mítà. Òkè Agou ní Tógò jẹ́ 986 mítà. Ẹni tó bá ń wá òkè tí atẹ́gùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, tí òtútù rẹ̀ ń gbọ̀n ni jìnnìjìnnì, tí kò sì fẹ́ jìnnà sí ilé, ó ní láti kọjá Nàìjíríà lọ sí Kamẹrúùnù. Níbẹ̀ ni òkè ńlá kan ti dìde létí òkun gan-an, tó ga ju 4,000 mítà lọ. Òun ló ga jù lọ ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti àyíká rẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ni, kò sì tíì kú. Ní ọdún 1999, ó pọ òkúta yíyọ́ tó ṣàn gba inú igbó lọ sí ìhà òkun, tó sì gé ọ̀nà ọlọ́dà etí òkun náà. Ó tún yọná ní ọdún 2000.

Àwọn Bakweri ló ni ẹsẹ̀ òkè náà. Wọ́n gbà pé ẹ̀dá kan ń gbé orí rẹ̀ tí ń jẹ́ Epasa Moto, tí ìlàjì ara rẹ̀ jẹ́ èèyàn, tí ìlàjì sì jẹ́ òkúta. Kì í ṣe ohun tí Yorùbá yóò fi rẹ́rìn-ín nìyí. Àwa náà mọ̀ pé òkè ní olówó orí rẹ̀, a sì ti ń bọ òkè kí àlejò kankan tó gun orí rẹ̀.

Ìtàn àwọn àlejò tó gun òkè yìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Richard Burton, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Fernando Po, ṣe àbẹ̀wò sí Abẹ́òkúta ní apá ìparí ọdún 1861. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó lọ gun òkè Kamẹrúùnù pẹ̀lú Gustav Mann, onímọ̀ ewéko. Ní ọdún 1863, ó tẹ ìwé kan jáde tó pa ìrìn méjèèjì pọ̀, tí orúkọ Abẹ́òkúta àti ti òkè Kamẹrúùnù sì jọ wà lára èèpo rẹ̀. Mary Kingsley gùn ún ní ọdún 1895 nínú òjò àti ìjì. Nígbà tó dé ṣóńṣó, ìkùukùu bo gbogbo ayé mọ́ ọn lójú, kò rí nǹkan kan nínú ohun tó torí rẹ̀ gun òkè.

Orúkọ Mann wà lára orísun omi kan lórí òkè náà títí di òní. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ru ẹrù àwọn àlejò wọ̀nyí, tó dáná fún wọn, tó sì tọ́jú wọn ní òru òtútù, orúkọ wọn kò sí lára omi kankan.

Ọjọ́ kan fún akọni, ọjọ́ mẹ́ta fún èèyàn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ orúkọ òkè yìí ní Kútọ̀nú gbọ́ ọ nípa ìdíje kan. Ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, Course de l'Espoir ni wọ́n ń pè é, ó sì sábà máa ń wáyé ní oṣù kejì ọdún. Láti pápá ìṣeré Molyko nílùú Buea ni sáré-sáré ti ń gbéra, wọn á gùn dé ṣóńṣó, wọn á sì padà sí pápá náà lọ́jọ́ kan náà. Ó tó nǹkan bí 38 kìlómítà, ó sì ju 3,000 mítà lọ tí wọ́n ń gùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sá jù ń parí rẹ̀ láàárín wákàtí márùn-ún tàbí kí ó dín díẹ̀. Sarah Etonge, ọmọbìnrin ilẹ̀ náà, gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin ní ìgbà méje, wọ́n sì fi orúkọ Ọbabìnrin Òkè dá a lọ́lá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi tirẹ̀ wé ti Sarah Etonge. Ẹsẹ̀ òkè ni àwọn akọni wọ̀nyí ń gbé, ara wọn ti mọ atẹ́gùn ibẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó ti ilẹ̀ Kútọ̀nú dìde ní láti gba ọ̀nà kejì, èyí tí àwọn amọ̀nà Buea ń gba pẹ̀lú àlejò: ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú aláàárù tó ń gbé oúnjẹ àti aṣọ òtútù.

Lọ́jọ́ kìíní, wọn á kúrò ní Buea, wọn á gba àárín oko kọjá, wọn á sì wọ igbó dídí. Ibẹ̀ ṣì jọ ilé: ooru wà, ọ̀rinrin wà, ẹyẹ ń ké. Ahéré kìíní wà ní nǹkan bí 1,800 mítà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbó dópin lójijì, tí koríko sì bẹ̀rẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó dà bíi pé wọ́n fi sàárà sí ògiri. Kò sí igi tí èèyàn lè fara pamọ́ sí. Ahéré kejì, ní nǹkan bí 2,800 mítà, ni ọ̀pọ̀ ń sùn sí. Lọ́jọ́ kejì, wọn á gbéra ní ìdájí, wọn á gba ẹ̀gbẹ́ ahéré kẹta kọjá, wọn á sì dé ṣóńṣó, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ òkúta dúdú àti eérú, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ tó lè gbé fìlà lọ. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá lókun lè bá amọ̀nà sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn òkè lọ sí orísun omi Mann, kí ó sùn níbẹ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Níbi tí òkúta yíyọ́ ti gbẹ, ilẹ̀ mú bí ìgò fífọ́. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, awọ á bó. Àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé sísọ̀ kalẹ̀ ń dán orúnkún wò ju gígùn lọ. Amọ̀nà mọ ibi tí òkúta ti dúró àti ibi tó ti ń mì. Ó mọ̀ pé omi kò pọ̀ lórí òkè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Debundscha, ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá òkun, wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ láyé, tó ń tó nǹkan bí 10,000 mìlímítà lọ́dún. Òkúta eléérú ń mu omi yìí tán kíá. Nítorí náà, amọ̀nà ló ń sọ ibi tí a ó ti bu omi àti iye tí olúkúlùkù yóò gbé.

Ohun tí gíga ń fi ara ṣe

Bí èèyàn bá ń gòkè, atẹ́gùn ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní 4,000 mítà, èémí kan tí èèyàn bá mí kì í ní ju nǹkan bí 60 nínú 100 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ìbá ní ní etí òkun Fidjrossè. Òtútù náà ń pọ̀ sí i: fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan, ooru ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7. Bí Kútọ̀nú bá wà ní 30, orí òkè Kamẹrúùnù lè wà ní 4 lọ́jọ́ kan náà, kí á tó sọ ti afẹ́fẹ́ líle.

Láti nǹkan bí 2,500 mítà ni àìsàn ibi gíga ti lè mú èèyàn. Kò mọ ọ̀dọ́, kò mọ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mọ eré sá. Ẹni tó yára jù ló tilẹ̀ ń wà nínú ewu jù, nítorí ó máa ń dé òkè kí ara rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti kúrò nílẹ̀. Orí fífọ́ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà èébì, òòyì àti àìrí oorun sùn. Ẹni tó bá ní èyí gbọ́dọ̀ dúró níbi tó wà, kò gbọdọ̀ gùn sí i. Bó bá wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣàbùkù, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, omi ti ń wọ ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìyẹn. Kò sí oògùn tó dà bíi kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Nínú àwọn òkè tó ga ju 3,000 mítà lọ, ìlànà tí àwọn oníṣègùn fi lélẹ̀ ni pé kí ibi tí èèyàn yóò sùn lálẹ́ òní má ṣe fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lánàá, kí ó sì sinmi fún ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Iṣẹ́ amọ̀nà hàn kedere níhìn-ín. Ẹni tí àìsàn yìí bá mú kì í mọ̀. Yóò máa sọ pé òun wà dáadáa, yóò máa bínú sí ẹni tó bá ní kí ó jókòó. Ìdí nìyẹn tí amọ̀nà rere kì í fi í sáré fún ara rẹ̀. Yóò máa wẹ̀yìn, yóò máa wo ojú àti ìrìn olúkúlùkù, yóò máa fetí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́. Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ló fi ń díwọ̀n eré gbogbo ẹgbẹ́. Bó bá ní kí wọ́n padà nígbà tí ṣóńṣó ku díẹ̀, owó tí wọ́n san kò gbọdọ̀ fọhùn.

Nígbà tí ewu kì í ṣe ti òkè

Ewu mìíràn wà tí kì í ti ọ̀dọ̀ yìnyín tàbí òkúta wá. Láti ọdún 2017 ni ìjà ti ń lọ láàárín ìjọba Kamẹrúùnù àti àwọn ajàjàgbara ní agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Buea sì wà nínú agbègbè náà. Ní ọjọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2023, ohun abúgbàù dún lójú ọ̀nà ìdíje òkè náà, sáré-sáré 19 sì fara gbọgbẹ́. Àwọn èèyàn tí kò mú ju bàtà àti ìgò omi lọ́wọ́ ni.

Ilẹ̀ tiwa náà ti tọ́ irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí àlejò méjì, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ní ọgbà ẹranko Pendjari. Àwọn ọmọ ogun Faransé gbà wọ́n sílẹ̀ ní Burkina Faso, sójà méjì sì kú nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kú ni ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń ṣe amọ̀nà wọn. Òun ló mú àlejò wọ igbó, òun ni wọ́n sì pa. Ayé gbọ́ orúkọ àwọn tó padà sílé ju orúkọ tirẹ̀ lọ. Gẹ́gẹ́ bó ti rí ní Chamonix ní ọdún 1820, bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilẹ̀ wa ní ọdún 2019: amọ̀nà ló ń ṣáájú, amọ̀nà ni ewu ń kọ́kọ́ bá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń múra ìrìn báyìí gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ààbò lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kó tó san owó kankan, kì í ṣe ìgbà tó bá dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò tíì yá, kí ó fi òkè náà sílẹ̀. Òkè kì í sá lọ.

Òkè wa nílé

Ohun tó dára ni pé kò di dandan kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ òkè lókèèrè. Ìdáàṣà kò ju nǹkan bí 200 kìlómítà lọ sí Kútọ̀nú. Òkè 41 ni ìtàn ìlú náà ń kà, gbogbo agbègbè náà ló sì gba orúkọ lọ́dọ̀ òkè: Collines ni Faransé ń pè é. Ṣábẹ̀ẹ́ náà ní òkè òkúta ńlá tí ẹni tó bá wọ ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kì í gbàgbé. Kò sí àìsàn ibi gíga níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun yòókù wà: òkúta tó ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, oòrùn tó ń ti ara àpáta jáde, ọ̀nà tó ń pín sí mẹ́ta lójijì nínú koríko gíga.

Àwọn baba ńlá wa kò gun òkè wọ̀nyí fún eré. Nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ ń dà wọ́n láàmú, orí òkè ni wọ́n sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ̀gbá ṣe lábẹ́ Olúmọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè sì gbé orí òkè tiwọn, tí àtẹ̀gùn 660 wà lójú ọ̀nà rẹ̀, títí di ọ̀rúndún tó kọjá. Ohun tó gbà wọ́n kọjá gíga òkè lọ. Nínú wọn ni a ti rí ẹni tó mọ ihò tí èèyàn lè sá pamọ́ sí, ẹni tó mọ ibi tí omi ti ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó lè mú ọmọdé àti arúgbó gòkè lóru láìtan iná. Ọ̀tá ní ẹsẹ̀, ó sì tún ní ìbọn, ṣùgbọ́n kò ní amọ̀nà.

Ìhà àríwá náà ní tirẹ̀. Òkè Atakora, ní ẹ̀bá Natitingou, ga díẹ̀ ju ti ìhà Ìdáàṣà lọ, omi sì ń já bọ́ láti ibi gíga ní Kota. Lórí òkè wọ̀nyí ni Kaba ti kojú àwọn Faransé ní ọdún 1916 àti 1917. Àwọn ilé alámọ̀ àwọn Bàtàmmàríbà, tó dà bí ilé olódi, wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023, UNESCO fi apá Bẹ̀nẹ̀ kún ilẹ̀ Koutammakou tó ti wà lára ohun ìní àgbáyé láti ọdún 2004 ní ìhà Tógò. Níbẹ̀ náà, ìbéèrè ààbò ni kó ṣáájú.

Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ méjì sáré ní òkè Ìdáàṣà, tó ti gun Agou ní Tógò, tó sì ti mọ bí orúnkún ṣe ń dùn ní ọjọ́ kejì, òun ló lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa òkè 4,000 mítà.

Kí á tó gbéra

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè mélòó kan sì wà tí kò yẹ kí ó fo ẹnikẹ́ni. Ṣé ọmọ ibẹ̀ ni amọ̀nà náà, àbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ̀nà lórí fóònù? Ìgbà mélòó ló ti gba ọ̀nà yẹn ní àkókò ọdún tí a fẹ́ lọ? Èèyàn mélòó ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ta ni yóò bá a sọ̀ kalẹ̀, ta ni yóò sì wà pẹ̀lú àwọn yòókù? Ibo ni ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù wà? Amọ̀nà tí ìbéèrè wọ̀nyí bá bí nínú, kí á wá ẹlòmíràn.

Ẹrù tí sáré-sáré yóò gbé kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín. Ìdíje Mont-Blanc kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbéra láìní fóònù, iná orí, fèrè kékeré, aṣọ òjò, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ òtútù àti ohun tó lè gba omi lítà kan ó kéré tán. Ohun tó di òfin fún akọni di ọ̀ranyàn fún àwa tó kù.

Aláàárù náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Lórí òkè Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga ní 5,895 mítà, ẹrù tí aláàárù yóò gbé fún àlejò kò gbọdọ̀ ju 20 kìlò lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń sáré lọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ gbọ́dọ̀ rántí pé ẹlòmíràn ló ń ru òun. Kí aláàárù náà ní bàtà, kí ó ní aṣọ òtútù, kí ó jẹ ohun gbígbóná lálẹ́.

Ó kù sọ́wọ́ àwa tí a ni òkè. Àwọn ọ̀dọ́ wà ní Ìdáàṣà, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Atakora tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ òkè ìlú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀lé baba wọn lọ sóko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá sí Kútọ̀nú wá gun zémijan, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó ṣèṣe, bí a bá kọ àdéhùn owó wọn sílẹ̀ ní èdè tí àwọn àti àlejò wọn gbọ́, bí a bá sì kọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe ọ̀nà, ihò àti orísun omi kọ̀ọ̀kan kó tó parẹ́, iṣẹ́ gidi ti dé nìyẹn. Kò ní jẹ́ iṣẹ́ àjèjì. Iṣẹ́ tí àwọn baba wọn ṣe nígbà ogun láìgba kọ́bọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n a ní láti fi ohun tí Chamonix fi ẹ̀mí mẹ́ta kọ́ kún un: kí ìdílé amọ̀nà má ṣe dá gbé ẹrù òfò rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àṣẹ lórí òkè. Nígbà tí sáré-sáré Kútọ̀nú bá gbójú sókè wo òkúta Ìdáàṣà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yún un, kí ó ṣe sùúrù díẹ̀. Kí ó kí onílẹ̀, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí yóò mú un lọ, kí ó sì jẹ́ kí onítọ̀hún ṣáájú.